Kọ̀ǹpútà dáàbò bo ẹ́ńjìnnì, ta ló dáàbò bo àwa tó wà nínú mọ́tò?

Bọ̀dá, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, pè mí lálẹ́ ọjọ́ Sọ́ńdè, wọn ò tíì béèrè àwọn ọmọ tán tí wọ́n fi sọ ohun tó wà lọ́kàn wọn. "Àna mi, mo fẹ́ ta jíìpù yìí. Ṣé kí n ra èyí tó tún tuntun jù ú lọ ni, àbí kí n padà sórí irú tìẹ?" Mo ní ẹ jẹ́ kí n rò ó ná, ẹ̀gbọ́n, mi ò fẹ́ sọ ohun tí màá padà kábàámọ̀ ẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn ni ọ̀rọ̀ náà ti ń jà lọ́kàn mi, mo wá ní kí n kúkú kọ ọ́ síbí, torí àwa Yorùbá tó ń gbé Àbújá àti Òkè Ọya níbí, tí à ń fowó pamọ́ láti ra jíìpù ńlá, a pọ̀ gan-an, ohun tí gbogbo wa sì máa ń kọ́kọ́ wò ni sikirínì àti àga aláwọ.

Land Cruiser 100 ti ọdún 2004 ni mò ń wà. V8 lítà 4.7 ni ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ìyẹn oní sìlíńdà mẹ́jọ, èyí tí àwọn mẹkáníìkì ń pè ní 2UZ, irin gidi ni bulọ́ọ̀kù ẹ̀, kò ní tọ́bò tó ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì kó lè lágbára sí i, jíà ẹ̀ ò ju márùn-ún lọ. Tòkunbọ̀ ni mo rà á ní 2014, ojú kìlómítà ẹ̀ ti lé ní 380,000 báyìí, a ò sì tíì tú ẹ́ńjìnnì ẹ̀ rí. Ti Bọ̀dá ò tíì pé ọdún mẹ́rin tó jáde nílé iṣẹ́. V6 ni, tọ́bò méjì ló wà lára ẹ̀, jíà ẹ̀ mẹ́wàá, kámẹ́rà yí i ká, sikirínì iwájú ẹ̀ fẹ̀ ju tẹlifíṣọ̀n tí à ń wò nílé bàbá mi nígbà tí mo wà lọ́mọdé. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é, torí ohun tó ṣẹlẹ̀ sí i, èyíkéyìí nínú àwọn jíìpù òde òní ló lè ṣẹlẹ̀ sí.

Oṣù Kejìlá tó kọjá la lọ ṣe ìgbéyàwó ní Kánò, ní Sabon Gari. Mọ́tò méjì la gbé lọ, èmi àti ìyàwó mi àti ọmọ mẹ́ta nínú tèmi, Bọ̀dá àti ìyàwó wọn àti ọmọ méjì nínú tiwọn. Àlọ dára. Lórí òkè tí tèmi ti ń kígbe kí jíà tó wọlé, tiwọn kàn ń gòkè lọ jẹ́ẹ́ ni, kò tiẹ̀ dà bíi pé ó ń ṣe nǹkan kan. Mo ń wò wọ́n láti ẹ̀yìn, mo sì sọ fún ìyàwó mi pé òótọ́ ni, òyìnbó ti ṣiṣẹ́.

Àbọ̀ ló wá di ọ̀rọ̀. A kúrò ní Kánò lẹ́yìn ìrun Àìlà, a dúró ra epo ní ilé epo kan lẹ́yìn tí a kọjá Zaria, àwa méjèèjì, ẹnu pọ́ǹpù kan náà. Ọmọkùnrin tó ń ta epo sọ fún wa pé tánkà ṣẹ̀ṣẹ̀ já epo sílẹ̀ fún àwọn ni, inú mi dùn pé epo tuntun la bá pàdé. Mi ò mọ̀ pé tí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ já epo sínú táǹkì ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, gbogbo omi àti ìdọ̀tí tó ti sùn sísàlẹ̀ ló máa ń rú sókè, ìgbà yẹn gan-an ló yẹ kí èèyàn wakọ̀ kọjá lọ.

A kọjá Kàdúná láìsí wàhálà. Nígbà tó kù díẹ̀ ká dé Kateri ni mo rí i tí iná ẹ̀yìn Bọ̀dá ń ṣẹ́jú méjèèjì, tí wọ́n ń rọra bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ títì. Ẹni tó bá mọ ọ̀nà Kàdúná sí Àbújá mọ̀ pé Kateri kì í ṣe ibi tí èèyàn ń dúró sí kó máa wo ẹ́ńjìnnì, pàápàá nígbà tí oòrùn bá ti ń wọ̀. Agbègbè yẹn náà ni wọ́n ti kọlu ọkọ̀ ojú irin lọ́jọ́ 28 oṣù Kẹta ọdún 2022. Àyà mi já. Mo sọ̀ kalẹ̀, mo sáré lọ síwájú, Bọ̀dá fi ọwọ́ hàn mí lójú sikirínì, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé òun ti dín agbára ẹ́ńjìnnì kù, ká gbé òun lọ sọ́dọ̀ díílà. Bí wọ́n ṣe tẹ̀ ẹ́ tó, kò lọ. Tèmi náà ti ń ṣe, ẹ má rò pé kò ṣe o, ó ń gbọ̀n, ó ń wúkọ́, iná ṣẹ́ẹ̀kì ẹ́ńjìnnì ti tàn, tí mo bá tẹ̀ ẹ́ ó máa kọ́kọ́ fà sẹ́yìn kó tó gbéra, ṣùgbọ́n ó ń lọ. Epo kan náà ni méjèèjì mu.

Onítírélà kan rọra dẹ̀ ẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó yọrí, ó ní "Lafiya?", ó wá fi Hausa sọ pé ká má dúró síbí yìí o, ká máa lọ. Ká máa lọ báwo? Bọ̀dá pa mọ́tò náà, wọ́n ní ẹnì kan ti sọ fún àwọn rí pé tí èèyàn bá pa á tó dúró díẹ̀, kọ̀ǹpútà á tún gbà kó rìn. A kó gbogbo ọmọ àti àwọn ìyàwó wa sínú tèmi, àwọn kan gbé àwọn kan lẹ́sẹ̀. Àbíkẹ́yìn mi ń bi mí pé, "Dádì, ṣé mọ́tò Dádì Kẹ́mi ti kú ni?" Mo ní rárá, ó ń sinmi ni. Ìṣẹ́jú mẹ́wàá yẹn, ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ gbogbo ìró tó wà nínú igbó. Nígbà tí Bọ̀dá fẹ́ tún un tàn, mo rí ìka wọn lórí bọ́tìnnì, ó ń gbọ̀n. Ó tàn. Ó gbà kí a máa rìn, ṣùgbọ́n kò gbà ju 40 lọ lójú sípíìdì, nígbà méjì ló tún dákẹ́ lọ́nà, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń wọ́ ọ lọ, èmi lẹ́yìn wọn, títí a fi rí iná Jere, tí ilẹ̀ ti ṣú. A gbé e sínú ọgbà ilé epo kan níbẹ̀, a fún ọlọ́dẹ lówó, àwa mẹ́sẹ̀ẹ̀sán wọ Land Cruiser wọ́gọwọ̀gọ, ó sì gbé wa dé Kubwa pẹ̀lú ikọ́ ẹ̀.

Ohun tí mo ń rò látìgbà náà nìyí. Kọ̀ǹpútà tó wà nínú mọ́tò Bọ̀dá kò ṣe àṣìṣe. Ó rí i pé epo tó ń wọlé ò dáa, agbára pọ́ǹpù ti ń jábọ̀, ó wá dín iṣẹ́ kù kí ẹ́ńjìnnì má bàa bàjẹ́. Ẹ̀kọ́ tí wọ́n kọ́ ọ nìyẹn, níbi tí wọ́n ti kọ́ ọ tó bá ṣẹlẹ̀ bẹ́ẹ̀, èèyàn á pe ẹni tó ń fa mọ́tò, wọ́n á dé láàárín wákàtí kan, olówó á jókòó sí ibì kan máa mu tíì. Kò sí ẹni tó sọ fún un nípa Kateri. Ó dáàbò bo ẹ́ńjìnnì, ó fi ọmọ márùn-ún sílẹ̀ létí igbó.

Lọ́jọ́ kejì mo gbé tèmi lọ sí abúlé mẹkáníìkì ní Apo. Ọ̀gá tó ń bá mi tún un ṣe, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni, ó bu epo inú táǹkì mi sínú ike omi, ó gbé e sójú oòrùn, ó ní ẹ dúró díẹ̀, Alhaji, ẹ máa rí i. Kò pẹ́ tó fi pín sí méjì bí ẹni fi rúlà fa ilà láàárín ẹ̀, epo lókè, omi nísàlẹ̀, ìdọ̀tí pupa kan sì jókòó sí ìdí ike náà bí iyẹ̀pẹ̀ ẹ̀yìnkùlé wa. Ó já gbogbo epo náà dànù, ó pààrọ̀ fílítà epo, ó tú púlọ́ọ̀gì mẹ́jọ wò, ó fọ nọ́sù mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tó ń fín epo sínú ẹ́ńjìnnì. Kí Alásárì tó pé, mo ti ń wà á lọ sílé. Ti Bọ̀dá, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò ní gáréèjì, pọ́ǹpù àti nọ́sù tí wọ́n fẹ́ lò, Dubai ni wọ́n ti ń retí ẹ̀, owó ẹ̀ sì pọ̀ débi tí mi ò ní kọ ọ́ síbí.

Mo bi Ọ̀gá pé kí ló fà á tí epo kan náà fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa ọ̀kan, tí èkejì kàn ń wúkọ́. Ó mú nọ́sù tèmi lọ́wọ́ kan, ó mú ògbólógbòó nọ́sù ẹ́ńjìnnì dairẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ kejì, ó ní kí n wo ẹnu wọn. Mo wò ó, ihò ti kejì yẹn, ojú lásán ò fẹ́ rí i. Nínú ẹ́ńjìnnì bíi tèmi, epo máa ń wọlé láti ẹ̀yìn fáàfù pẹ̀lú agbára tó tó bar 3 (bar ni wọ́n fi ń wọn bí wọ́n ṣe ń ti epo le tó), kò jù bẹ́ẹ̀ lọ púpọ̀. Nínú èyí tó ń fín epo tààrà sínú sìlíńdà, agbára ẹ̀ lè tó bar 200, ó tiẹ̀ lè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Pọ́ǹpù tó ń ṣe irú iṣẹ́ yẹn, epo yẹn gan-an ló ń fi ra ara ẹ̀ bí òróró, tó bá wá di omi ló gbé mì, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í ha irin. Dísẹ̀lì òde òní tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ, àwọn kan ń fi bar 2,000 fín epo. Ẹ̀rọ tó péye ni, ìpéye yẹn náà ló jẹ́ kó máa ná epo díẹ̀ kó sì lágbára, òun náà ni kì í jẹ́ kó fojú fo nǹkan dá.

Àwa tí a wà ní Àbújá ní oṣù Kejì ọdún 2022 rántí epo tí methanol wà nínú ẹ̀ tí wọ́n kó wọ ìlú, tí ìlà epo gùn láti Wuse dé ibi tí mi ò mọ̀, tí ọ̀pọ̀ mọ́tò ń kú sójú títì. Èyí ò ṣojú wa lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Tí ẹnikẹ́ni bá ń sọ fún yín pé mọ́tò tuntun dára ju ti àtijọ́, ẹ kọ́kọ́ bi í pé epo ibo ló fẹ́ máa fún un.

Ẹ wá jẹ́ ká sọ ti tọ́bò. Tọ́bò ò burú. Land Cruiser 300 tí wọ́n ṣí aṣọ lójú ẹ̀ ní oṣù Kẹfà 2021, V6 lítà 3.5 tó ní tọ́bò méjì ló wà níbi tí V8 wà tẹ́lẹ̀, agbára ẹṣin 409, ìfà ẹ̀ jẹ́ 650 Nm. Tèmi tó jẹ́ lítà 4.7, ìfà ẹ̀ ò kọjá nǹkan bíi 434. Ẹ rí i pé kékeré ń ṣe ju ńlá lọ. Ìdí tí wọ́n sì fi ṣe é ni pé òfin èéfín àti òfin ìnáwó epo ní Amẹ́ríkà, Yúróòpù àti Japan ń le sí i, V8 ńlá ò fẹ́ kọjá mọ́. Nissan náà ti tẹ̀ lé e, Patrol tuntun tí wọ́n gbé jáde ní oṣù Kẹsàn-án 2024, V6 3.5 oní tọ́bò méjì ni. Ṣùgbọ́n tọ́bò máa ń yí ju ìgbà 100,000 lọ láàárín ìṣẹ́jú kan, òróró ẹ́ńjìnnì tó fẹ́lẹ́ ló gbé e dúró, tí èèyàn bá sá eré láti Lokoja wọ Gwagwalada, tó dé ilé tó pa á wàì, òróró tó wà nínú tọ́bò náà á sè, á di èédú. Èyí ni mo bẹ ẹ̀yin tó ní in, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì máa ṣiṣẹ́ lójú kan fún ìṣẹ́jú kan tàbí méjì kí ẹ tó pa á. Ní Sokoto àti Maiduguri, nígbà ooru oṣù Kẹta sí Kẹrin tí afẹ́fẹ́ fúnra ẹ̀ ń lé ní 40, ẹ́ńjìnnì ò tíì ṣiṣẹ́ tó ti ń gbóná. Ọyẹ́ náà tún ń bọ̀ pẹ̀lú eruku ẹ̀. Fílítà afẹ́fẹ́ tí wọ́n kọ sínú ìwé pé kí a máa pààrọ̀ lọ́dún, lọ́dọ̀ wa níbí, láàárín oṣù mẹ́ta ó ti dà bíi ẹní tí wọ́n fi gbá ọjà.

Òróró gan-an ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ dáadáa, torí òun ló ń pa mọ́tò tuntun jù lọ́wọ́ wa. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn ẹ́ńjìnnì tuntun wọ̀nyí, 0W-20 ni wọ́n kọ pé kí a máa fún wọn, ó ṣàn bí omi. Mẹkáníìkì ẹ̀bá títì á ní èyí fẹ́lẹ́ jù fún ooru wa, á da 20W-50 tó ní lọ́wọ́ sí i, torí òun ló ti ń dà sí Camry látọjọ́. Ihò tó yẹ kí òróró gbà kọjá nínú ẹ́ńjìnnì yẹn, wọn ò gbẹ́ ẹ fún nǹkan tó ki bẹ́ẹ̀. Ẹlòmíràn sì wà tó jẹ́ pé òróró tó tọ́ ló ń dà, ṣùgbọ́n 10,000 kìlómítà ló ń rìn kó tó pààrọ̀ ẹ̀ torí bí ìwé ṣe wí nìyẹn. Ìwé ò mọ gósílóò Nyanya. Mọ́tò tó dúró sójú kan fún wákàtí méjì ní Nyanya, ẹ́ńjìnnì ẹ̀ ń ṣiṣẹ́, kìlómítà ẹ̀ ò sì kúrò lójú kan. 5,000 ni mo máa ń ṣe tèmi, tí ọyẹ́ bá le, mi ò kì í jẹ́ kó tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn kan á ní àwa aláìní la ń ba mọ́tò jẹ́, pé lọ́dọ̀ òyìnbó wọn kì í bàjẹ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún 2024, Toyota pe nǹkan bíi 102,000 mọ́tò padà fún àtúnṣe ní Amẹ́ríkà, Tundra àti Lexus LX ti 2022 àti 2023, àwọn tó ní V6 tọ́bò yẹn, torí pé irin wẹ́wẹ́ tó ṣẹ́kù láti ìgbà tí wọ́n ń gé ẹ́ńjìnnì nílé iṣẹ́ lè wà nínú ẹ̀, tó lè jẹ bẹ́árìn ìsàlẹ̀ run, kí ẹ́ńjìnnì kú lórí ìrìn. Toyota ni mò ń wí o, àwọn tí a fi ń búra. Ní oṣù Kẹrin 2025, GM náà pe iye tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 600,000 padà ní Amẹ́ríkà nìkan, Escalade, Tahoe, Suburban, Yukon àti píkọ́ọ̀pù wọn ti 2021 sí 2024 tó ní V8 lítà 6.2. V8 ni ìyẹn, kò sì ní tọ́bò kankan, nítorí náà ẹni tó bá ń sọ pé V8 ṣáà ti tó, kó tún un rò. Èyí tí wọ́n bá yẹ̀ wò tí kò tíì ní àbùkù nínú àwọn GM yẹn, òróró tó ki jù ni wọ́n ní kó máa lò láti ìgbà náà lọ, 0W-40 dípò 0W-20. Nígbà tí mo ka ìyẹn, ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ gbogbo àwọn tó ń ra òróró láìka ohun tó wà lára ike.

Ohun tó ń dùn mí jù nínú ọ̀rọ̀ ìpèpadà yìí ni pé lẹ́tà tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni mọ́tò, Amẹ́ríkà ló ń lọ. Ẹni yẹn ti tà á. Mọ́tò náà ti gba Cotonou tàbí Èkó wọlé, ó ti dé ibi tí wọ́n ń ta mọ́tò ní Àbújá, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti kùn ún, ẹ̀yin tí ẹ sì fẹ́ rà á, kò sẹ́ni tó máa sọ fún yín. Ẹ jọ̀ọ́, nọ́ńbà VIN tó wà lábẹ́ gíláàsì iwájú, léta àti nọ́ńbà 17, ẹ kọ ọ́, ẹ lọ sórí wẹ́ẹ̀bù NHTSA, àjọ ìjọba Amẹ́ríkà tó ń rí sí ààbò ojú títì, ẹ tẹ̀ ẹ́ síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, tó bá jẹ́ mọ́tò tó ti Amẹ́ríkà wá, á sọ fún yín bóyá iṣẹ́ ìpèpadà kan wà tí wọn ò tíì ṣe lára ẹ̀. Ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni. Kí ẹ tó sanwó ni kí ẹ ṣe é o.

Mo mọ ohun tí àwọn kan fẹ́ sọ, pé àwọn mọ́tò àtijọ́ tí à ń rí lónìí, àwọn tó ṣẹ́kù là ń rí, àwọn tó ti kú wà ní Apo lórí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n ń yọ dóòrù wọn tà. Òótọ́ ni. Tèmi náà ní tiẹ̀. Láàárọ̀ ọyẹ́ tí mo bá kọ́kọ́ tan án, ó máa ń ké tíkì-tíkì-tíkì títí ara ẹ̀ á fi móoru, páìpù ibi tí èéfín ti ń jáde lára ẹ́ńjìnnì ló ti sán díẹ̀, àìsàn tí wọ́n mọ̀ mọ́ 2UZ ni. Sitátà ẹ̀, abẹ́ ibi tí afẹ́fẹ́ ń gbà wọlé ni wọ́n tọ́jú ẹ̀ sí, láàárín V yẹn gan-an, ọjọ́ tó bàjẹ́, wọ́n ní láti ká gbogbo páìpù afẹ́fẹ́ tó wà lókè ẹ̀ kúrò kí ọwọ́ tó dé ọ̀dọ̀ ẹ̀, mo jókòó sórí táyà láti àárọ̀ dalẹ́. Bẹ́líìtì ló ní, kì í ṣe ṣéènì, èèyàn ní láti máa pààrọ̀ ẹ̀ ní nǹkan bíi 150,000 kìlómítà. Ó sì ń mu epo, Ọlọ́run mọ̀. Lítà 96 ni táǹkì ẹ̀ ń gbà. Kí wọ́n tó yọ owó ìrànwọ́ epo lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún 2023, kò tó ₦20,000 tí mo fi ń kún un. Nígbà tí lítà kan wá kọjá ₦1,000 ní 2024, ẹ ṣírò ẹ̀ fúnra yín. Ìyàwó mi ti bi mí pé ṣé kò yẹ ká tà á, mi ò lè sọ pé kò ní ìdí tó fi béèrè.

Bí a bá sì ń sunkún, à á máa ríran. Mọ́tò Bọ̀dá yẹn kan náà, oṣù díẹ̀ ṣáájú Kánò, wọ́n ń bọ̀ láti Gwarinpa, ọlọ́kadà kan tó gbé ìyá àti ọmọ pọ̀n já wọlé níwájú wọn láìwẹ̀yìn, mọ́tò náà tẹ búrèkì fúnra ẹ̀ kí ẹsẹ̀ Bọ̀dá tó dé ibẹ̀. Mo wà nínú mọ́tò náà. Mo rí ojú ọmọ yẹn lẹ́yìn ìyá ẹ̀, ó tó ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí bọ́ńpà. Tèmi ì bá ti pa wọ́n, mo sọ ọ́ bó ṣe rí. Nítorí náà mi ò ní jókòó síbí kí n máa sọ pé gbogbo ohun tí wọ́n fi kún mọ́tò òde òní ìranù ni. Kámẹ́rà tó ń fi ọmọdé tó wà lẹ́yìn mọ́tò hàn, èyí tó ń di táyà mú kó má yọ̀ lórí títì tó tutù, iná tó mọ́lẹ̀ kedere fún màlúù tó dúró sójú títì Lokoja lóru, àwọn nǹkan tó ń gba ẹ̀mí là ni. Ohun tí mo ń bá jà ni pé wọ́n so wọ́n pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì tí kò lè fara da ibi tí à ń gbé, bíi pé ẹni tó bá fẹ́ búrèkì tó gbọ́n gbọ́dọ̀ gba nọ́sù tí kò fẹ́ rí ẹ̀kán omi.

Ẹ sì wo àwọn tó ń ṣiṣẹ́ ìrànwọ́ ní Maiduguri àti àyíká ẹ̀. Land Cruiser 70 alápótí ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò, dísẹ̀lì 1HZ lítà 4.2, sìlíńdà mẹ́fà, kò ní tọ́bò, agbára ẹṣin ẹ̀ ò fi bẹ́ẹ̀ ju 130 lọ, láti 1990 ni ẹ́ńjìnnì yẹn ti wà. Àwọn yẹn lówó láti ra ohun tó wù wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó mọ̀ pé tí mọ́tò bá dúró sí ojú ọ̀nà yẹn kò sí ẹni tó ń bọ̀, kì í ra sikirínì.

Báyìí ni mo wá rò ó fún Bọ̀dá. Tó bá jẹ́ pé inú Àbújá ni wọ́n á máa lò ó, ilé sí ọ́fíìsì ní Central Area, tí wọ́n á máa ra epo ní ibì kan ṣoṣo tí wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé, tí òróró tó tọ́ á máa wọlé ní 5,000, kí wọ́n má tà á, ó ti tún ṣe, ó ń ṣiṣẹ́. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ wọn ti ń gbé wọn lọ sí Kánò lóṣooṣù báyìí, Sokoto náà ń bọ̀ nínú ẹ̀. Fún irú ìrìn yẹn, èyí tí ọkàn mi lọ sí ni Land Cruiser 200 oní V8 lítà 5.7, pàápàá èyí tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà láti 2016. Kò ní tọ́bò, kì í fín epo tààrà sínú sìlíńdà, ṣéènì ló ní, agbára ẹṣin ẹ̀ sì jẹ́ 381, síbẹ̀ búrèkì tó ń tẹ ara ẹ̀ yẹn wà lára ẹ̀. Nínú gbogbo ohun tí mo wò, òun ló sún mọ́ ohun tí mo ń wá jù. Kì í ṣe pé kò ní àìsàn o, pọ́ǹpù kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú páìpù èéfín máa ń bàjẹ́ lára wọn, tó bá sì bàjẹ́, òun náà lè dín agbára mọ́tò kù bíi ti Kateri, torí náà kí wọ́n yẹ ibẹ̀ wò dáadáa kí wọ́n tó rà á. Epo tó ń mu náà ò kéré sí tèmi. Ẹni tó bá sì fẹ́ sọ pé kí wọ́n ra Patrol V8 5.6 tó jáde ní 2010 dípò ẹ̀, mọ́tò tó dára ni, mo fẹ́ràn ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má gbàgbé pé tààrà lòun náà ń fín epo, kì í ṣe gbogbo V8 tí kò ní tọ́bò ló jẹ́ ti àtijọ́.

Mo pe Bọ̀dá lánàá, mo sọ gbogbo èyí fún wọn. Wọ́n dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, wọ́n ní, "Ìwọ ńkọ́, o ò ní ta tìẹ?" Mo ní rárá, ẹ̀gbọ́n, bẹ́líìtì ẹ̀ ti tó pààrọ̀, Sátidé yìí ni mo ń gbé e lọ sí Apo, pọ́ǹpù omi náà la máa fi sí i lẹ́ẹ̀kan náà. Wọ́n ní àwọn á bá mi lọ. Wọ́n ní àwọn fẹ́ rí ike omi tí Ọ̀gá fi yẹ epo wò yẹn, kí àwọn náà mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é.